Atukọ̀ Tó Sọ̀rọ̀ Tí Kò Dáhùn

Ẹnu ni mo gbé wọ Èkó. Àwọn kan gbé owó wá, àwọn kan gbé ìwé ẹ̀rí, àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n tó ń dúró dè wọ́n. Èmi, ẹnu mi ni, mi ò sì tíì rí ẹni tó gbé ohun tó dáa jù bẹ́ẹ̀ wọ ìlú yìí. Ní Kétu, níbi tí wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Kútọnu, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí àwọn àgbà fi ń ránṣẹ́ pè mí bí ìjà tọkọtaya bá le koko. Ìwé kíláàsì méjì péré ni mo kà, ti Faransé ni, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀rọ̀ fún mi, kí ẹ wo bí mo ṣe máa tò ó.

Tí mo bá ní Kétu, ẹ má ronú kan Kétu tó wà lọ́nà Ìkòròdú o. Gbogbo ará Èkó ló máa ń ṣi ìyẹn mú. Kétu tèmi ní ọba, ó sì ní odi tí àwọn baba wa fi ọwọ́ mọ. Kò sì jìnnà. Bí ọ̀nà bá dára, ẹni tó mu ẹ̀kọ àárọ̀ ní Kétu lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Èbúté Èrò. Ọdún méjìlá ni mo fi wà nítòsí ilé bẹ́ẹ̀ tí mi ò délé, tí ìyá mi sì ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ohun tí mo jókòó kọ nìyí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọjà Èbúté Èrò, mo rò pé ohùn mi ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ níwájú àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀wà, mo kí wọn bí a ṣe ń kí ìyá nílé wa. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀! Àgànyìn ni!”

Àgànyìn ni wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Kútọnu tàbí Tógò wọlé. Ó dùn mí dé egungun. Mo dìde, mo gbọn ẹrẹ̀ kúrò láyà, mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, Yorùbá ni mí. Baba ńlá tiyín àti baba ńlá tèmi, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde.”

Obìnrin kan tó sanra, tó jókòó láàárín àwọn àpò rẹ̀ bí ọba láàárín ìjòyè, wò mí látòkè délẹ̀. Àlàájà ni gbogbo ọjà ń pè é.

“A ti gbọ́,” ló wí. “Ṣé baba ńlá yẹn ló máa bá ẹ gbé àpò yìí ni?”

Mo gbé e. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé èkejì, mo gbé ẹ̀kẹta. Bí mo ṣe di aláàárù nìyẹn, ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Èbúté Èrò, kò sí aláàárù tó lè dúró tì mí. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti mí, èmi ń kọjá, mo tún ń dáhùn èébú wọn. Òṣùká jẹ irun àtàrí mi tán, ó fi ojú kan sílẹ̀ láàárín orí tó ń dán, tó sì le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ra fìlà. Láti ìgbà náà, ẹ ò ní rí àwòrán mi kan tí fìlà ò sí lórí.

Ilé Àlàájà ní Ìsàlẹ̀ Gángan ni mò ń gbé, yàrá kan lẹ́yìnkùlé, nítòsí kànga. Agboolé ńlá ni, ilé tí wọ́n ti ń bí ọmọ, tí wọ́n sì ń sìnkú fún ìran márùn-ún. Wọn ò fìyà jẹ mí. Bí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, ẹran mi kì í kéré. Bí ọmọ wọn bá ṣubú, èmi ni mo máa ń gbé e dìde. Ṣùgbọ́n bí olórí ẹbí bá ní kí àwọn ọmọ ilé jókòó fún ìpàdé, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ mi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màá mú fìlà mi, màá jáde sí títì. Ọmọ ilé ni mí títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọ ilé. Màá dúró níta, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da ọ̀rọ̀ rú nínú ilé, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ pé ká ní wọ́n gbé e fún mi ni, gbólóhùn mẹ́ta ni màá fi parí rẹ̀.

Àwọn tí mo ní kù ni àwọn tó wà lórí fóònù. Ìyá mi kò mọ fóònù tẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ló máa ń bá a gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí màá sì gba tèmi sílẹ̀ ránṣẹ́ padà. Ní ọdún àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́ pè mí nígbà tí àpò ẹ̀wà wà lórí mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ wo lẹ wá ń ṣe níbẹ̀?” Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, “Ṣọ́ọ̀bù mi ti kún fún èrò, màá pè ọ́ padà.” Gbólóhùn kan péré. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, gbólóhùn náà ti bí ọmọ: ṣọ́ọ̀bù ti di méjì, mo ti ní àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi mí gbàdúrà ní Kétu, pé kí Ọlọ́run ṣe ọmọ tiwọn bíi tèmi. Báwo ni ẹni tí wọ́n ń fi gbàdúrà ṣe fẹ́ padà wálé pẹ̀lú irú orí tí mo ní yẹn?

Lọ́dún kẹwàá, Àlàájà gbé kóńgò lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa wọn ẹ̀wà fún oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò sí ẹni tó mọ kóńgò wọ̀n jù mí. Mo mọ bí a ṣe ń fi apá yí i ká tí ẹ̀wà á fi gun orí ara rẹ̀ bí òkè, tí oníbàárà á rẹ́rìn-ín, tí ọlọ́jà ò sì ní pàdánù. Ẹnu mi ń pè wọ́n, ọwọ́ mi ń wọ̀n ọ́n. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: mi ò lè ka orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára àpò.

“Ẹnu ẹ ta àpò mẹ́wàá,” Àlàájà wí fún mi lọ́jọ́ kan, “ojú ẹ sì gbé méjì fún ẹni tí ò ra nǹkan kan. Lọ kọ́ ìwé.”

“Àlàájà, èmi àgbà yìí?”

“Àgbà tí ò mọ A. Lọ.”

Màmá Tíṣà ló ń kọ́ wa, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tó bá ti ti Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá arúgbó ni, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Bràsílì padà wá, tó ti kọ́ni títí tó fi fẹ̀yìn tì. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì baba rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ lókè, ni a ń jókòó sí. A ò pọ̀. Ẹni tó máa ń jókòó tì mí ni Ràsákì, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń tún bàtà ṣe nítòsí Tinúbú. Mo fi ọdún mẹ́fà ju Ràsákì lọ, kò sì pè mí ní nǹkan kan ju Àgànyìn lọ rí.

“Àgànyìn, ṣé lẹ́tà tìẹ ń sọ Faransé ni? Wo bó ṣe dorí kodò.”

“Tìẹ ń rùn bí bàtà.”

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. Ní ọdún kan àti oṣù díẹ̀, mo fi ọ̀dà kọ orúkọ oníbàárà obìnrin kan sára àpò, obìnrin náà wá, ó wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e. Kò bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo àpò yẹn títí ó fi wọ inú ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí a ti mọ̀ ọ́n kà díẹ̀, Màmá Tíṣà mú ìtàn kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá fún wa, ojú ìwé kan ṣoṣo. Ìtàn atukọ̀ kan lórí ọ̀sà. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, ọkùnrin kan kú, atukọ̀ lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté. Àwọn àgbà ìlú jókòó. Opó ọkùnrin náà dìde, ó bi atukọ̀ ní ìbéèrè kan: “Nígbà tí o ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sétí omi, ṣé o bojú wẹ̀yìn?”

Atukọ̀ wá dáhùn. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí:

“Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Bí ẹ bá ní kí n kúnlẹ̀, orúnkún mi ti wà nílẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń tukọ̀ lórí ọ̀sà yìí. Ta ló wà níbí tí ọwọ́ mi kò gbé ìyá rẹ̀ dé òdìkejì rí? Omi kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọkọ obìnrin yìí, ó gbé àjẹ̀ tí mo fi ń tukọ̀, díẹ̀ ló kù kó gbé èmi náà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ṣé ẹ fẹ́ dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde lẹ́jọ́?” Ó bú sẹ́kún.

Mo pàtẹ́wọ́. Mi ò lè pa á mọ́ra. “Ẹjọ́ ti parí! Ó ti jàre! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹní ń fi òróró pa ara!”

“Ẹni tó kú ńkọ́, Àgànyìn?” Ràsákì wí.

“Ẹni tó kú ti kú. Ọ̀rọ̀ là ń wò.”

“Ó dáa,” Màmá Tíṣà wí. “Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà.” Ó mú bírò pupa. “Ẹ má wulẹ̀ sọ ohun tí gbólóhùn ń wí fún mi. Ẹ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, alágbàṣe ni, ẹnìkan ló rán an níṣẹ́. ‘Ẹ̀yin àgbà, mo júbà.’ Iṣẹ́ wo lèyí ń ṣe?”

“Ó ń bọ̀wọ̀ fágbà,” ni mo wí.

“Ta ló bi í léèrè ọ̀rọ̀?”

“Opó yẹn.”

“Ta ló ń dá lóhùn?”

Mo wo ìwé. Mo tún un wò. “Àwọn àgbà.”

“Ó ti kẹ̀yìn sí obìnrin náà láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ogún ọdún ńkọ́?”

Ràsákì ní, “Ó ń ka oore tó ti ṣe. Kò sì sẹ́ni tó bi í.”

“‘Ta ló wà níbí?’”

“Wọ́n bi í ní ìbéèrè,” Ràsákì wí, “òun náà wá ń bi wọ́n.”

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, bírò pupa ń tẹ̀ lé e. Ó ní atukọ̀ gbé ẹjọ́ ka omi lórí, omi ò sì lẹ́nu. Ó ní ó ka ọkọ obìnrin náà pọ̀ mọ́ àjẹ̀, èèyàn àti igi, lórí ìlà kan náà. Ó ní ẹkún rẹ̀ ló wá borí ẹkún opó, débi pé àwọn àgbà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí n fi ìka mi sí ibi tí atukọ̀ ti sọ bóyá òun bojú wẹ̀yìn. Mo gbé ìka mi káàkiri ojú ìwé náà. Kò rí ibi dúró sí.

Inú bí mi. Mo ní, “Màmá, bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èèyàn kì í já wọnú ọ̀rọ̀ bí olè. A ń júbà, a ń ṣàlàyé.”

“Òótọ́ lo sọ,” ó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. “Èmi náà ń júbà. Ìjúbà ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kágò tán, wọ́n ń retí pé kó wọlé. Ọkùnrin yìí ń kágò títí wọ́n fi tú ìpàdé ká.”

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó fún wa ni pé kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, láìyọ, láìfikún, ká wá wò ó bí a ṣe wo ti atukọ̀. Mi ò wá a jìnnà. Ọ̀rọ̀ wo ló dùn ju tèmi lọ? Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Àbẹ̀kẹ́ ti fi ohùn ìyá mi ránṣẹ́: “Ọkọ mi, dókítà ní ojú mi ò ní pẹ́ ṣókùnkùn. Ìgbà wo lo ń bọ̀, kí n rí ẹ?” Mo sì ti dáhùn, èsì tó jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ ọ padà, èmi fúnra mi mi orí. Mo dojú kóńgò délẹ̀, mo jókòó lé e, mo ń tẹ fóònù, mo ń dá a dúró, mo ń kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́.

Òfin Màmá Tíṣà ni pé ẹlòmíràn ló máa ka ìwé ẹni síta. Ràsákì ló ka tèmi. Màmá bi mí pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ọkùnrin kan báyìí tí mo mọ̀ lọ́jà ni, pé ìyá rẹ̀ tí ojú ń dùn ló bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé. Ràsákì wá ń kà á, ó ń fi ìka tọ́ ọ:

“Ìyá mi, abiyamọ tòótọ́, mo kí yín, mo tún yín kí. Kò sí ọmọ tó ń ro ìyá rẹ̀ bí mo ṣe ń rò yín. Ta ló ń ra oògùn yín? Ta ló ra fóònù tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn mi? Bí mo bá yísẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí, oníbàárà á máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Èkó kì í jẹ́ kí ẹni ńlá sinmi. Ẹ fi ojú yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́, Òun ló dá a. Ẹ máa gbàdúrà fún mi. Ọmọ yín ti di igi ńlá, igi ńlá kì í sì í rìn.”

Ó pa ìwé dé, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìgbà dà? Àgànyìn, ìgbà dà níbẹ̀? Ọkùnrin yìí burú ju atukọ̀ lọ! Ti atukọ̀, òkú ló fi sílẹ̀ sínú omi. Tèyí, ìyá rẹ̀ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́!”

Mo fẹ́ fèsì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èsì kì í wọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi nínú ohùn ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe, láìsí ohùn tèmi tó ń fi oyin sí i, ó sì rí gbẹrẹfu bí àpò tí wọ́n ti da ẹ̀wà inú rẹ̀ nù.

Ràsákì wò mí. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìwé, ó wò mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ má bínú.”

Ọdún méjìlá ni mo fi dúró de ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ tó dé, mi ò lè gbé orí sókè gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún Àlàájà pé mo fẹ́ lọ wo ìyá mi. Mo ti to àlàyé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

“Ìyá ẹ? O ní ìyá láyé, mi ò rí i kí o lọ wò ó láti ọjọ́ yìí?” Ó bá mi di èlùbọ́ sínú ọ̀rá, ó so ó lẹ́ẹ̀mejì. “Sọ fún un pé ìyá ẹ t’Èkó kí i. Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni ní yàrá ẹ. Kí o padà o.”

Mo rìn dé Tinúbú. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń sáré kọjá lára mi pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Mo gba ohùn sílẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo pa á rẹ́: ìkíni ni gbogbo rẹ̀. Mo gba òmíràn, mo pa ìyẹn náà rẹ́: ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti bọ́dà ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo fi ránṣẹ́. “Ìyá mi, ọjọ́ Ẹtì yìí ni mò ń bọ̀.”

Èsì dé kí n tó sọdá títì. Àkọ́kọ́, adìyẹ ni mo gbọ́ tó ń ké nínú ọgbà wa. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá mi: “Ta ló bá ẹ gé ọ̀rọ̀ ẹ kúrú báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò sì jọ ẹ̀rín mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, mo bá a lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti funfun. Òjìji mi nìkan ló rí, ó sì yí orí tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀, ẹ dárí jì mí, ó ti mọ́ ọn lára: “Ìyá mi, ẹ wò ó, bí Èkó ṣe rí ni pé, ṣọ́ọ̀bù tí mo sọ…”

Ọwọ́ rẹ̀ wá ojú mi, ó gba iwájú orí mi gòkè, ó ṣí fìlà mi. Ó kan ojú àtàrí mi, ibi tó le, tó ń dán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Obìnrin ni, òun náà ti ru igi rí, ó ti ru omi. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí ká bí ẹni tó ń ka nǹkan.

“Ọdún mélòó?” ló bi mí.

“Mẹ́sàn-án, Ìyá mi.”

“Ó wúwo?”

“Ó wúwo.”

Mi ò fi nǹkan kan kún un.